Ọwọ́ Ọ̀tún Tí Mo Gbé Relé

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí nínú jẹ́ ní ìlú òyìnbó kì í ṣe òtútù. Òtútù, gbogbo ayé ló ti kìlọ̀ rẹ̀ fún mi kí n tó kúrò ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi obìnrin, tó ń gbé ní Odogbolu, tilẹ̀ hun súwẹ́tà fún mi, bẹ́ẹ̀ kò rí yìnyín rí láyé rẹ̀. Ọwọ́ òsì ni ẹnikẹ́ni kò kìlọ̀ rẹ̀ fún mi. Mo wọ ṣọ́ọ̀bù kan ní London lọ́sẹ̀ tí mo dé, mo ra búrẹ́dì, ọkùnrin tó ń tajà sì fi ọwọ́ òsì na ṣéńjì sí mi, tẹ̀rín-tẹ̀rín. Mo dúró. Mo rò pé yóò rántí ara rẹ̀, kó pa ọwọ́ dà. Kò pa á dà. Àwọn tó tò sẹ́yìn mi bẹ̀rẹ̀ sí í mí kanlẹ̀. Nígbà tó sú u, ó da owó náà sórí káńtà, ó yíjú sí ẹlòmíràn. Mo sunkún délé lọ́jọ́ náà, mo rò pé ó bú mi ni.

Ẹ má dá mi lẹ́bi, bí ìyá mi ṣe tọ́ mi nìyẹn. Tíṣà ni ní ilé ìwé ìjọ kan nílùú wa, kíláàsì àwọn ọmọ kéékèèké ló sì fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́. Bí ọmọ bá fi òsì mú ṣọ́ọ̀kì, ìyá mi á lọ dúró tì í, á ní, "Ọwọ́ wo nìyẹn?" Kì í pariwo, kì í na ẹgba. Ìbéèrè yẹn ti tó. Nílé náà, bí mo bá fi òsì na ife omi sí i, kò ní gbà á. Á kàn máa wò mí lójú: "Ọwọ́ wo nìyẹn?" Omi ọ̀hún á dúró sáàárín wa títí n ó fi pa ọwọ́ dà. "Ọ̀tún ni, mà," ni mo gbọ́dọ̀ sọ kó tó mu ún.

Aṣọ rírán ni iṣẹ́ mi. Mo ní ṣọ́ọ̀bù tèmi ní àdúgbò Ìdómòwó nílùú wa, àwọn ìyàwó tíṣà àti ìyàwó akọ̀wé ló ń wá sọ́dọ̀ mi. Nígbà tí ìlú wá le, tí ẹni tó ń rán aṣọ tuntun lóṣooṣù wá ń tún ògbólógbòó ṣe, mo ní n ó lọ kọ́ iṣẹ́ náà dójú àmì nílùú òyìnbó, kí n pa dà wá ṣí ilé ìkọ́ṣẹ́. Ẹnu ni mo fi sọ ọ́. Iṣẹ́ tí mo rí ní London wà nínú ilé kan tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀, níbi tí oòrùn kì í dé. Apá ẹ̀wù nìkan ni wọ́n ní kí n máa rán. Ẹlòmíràn ń rán ọrùn, ẹlòmíràn ń rán ìdí. Apá ni mo rán láàárọ̀, apá ni mo rán lọ́sàn-án, n kò sì fojú kan ẹ̀wù tó pé rí. Èmi tí mo máa ń mọ ẹni tí yóò wọ ohun tí mo rán, tí mo mọ ibi tí àyà rẹ̀ ti yọ àti ibi tí ìdí rẹ̀ ti gbòòrò, mo wá di ẹni tó ń rán apá fún àwọn tí n kò ní rí láé.

Ọjọ́ Ìsinmi ni ọjọ́ tèmi. Lẹ́yìn ìsìn, ìyá mi á lọ jókòó sílé Alhaji kan tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa ní àdúgbò Pórógun, nítorí òun ló ní tẹlifóònù, èmi á sì pè é láti inú àpótí gíláàsì tó wà lẹ́bàá ọ̀nà.

"Ọmọ mi, ṣé ò ń jẹun?"

"Mò ń jẹun, mà. Ìkókorè ni mo jẹ lánàá."

"Irọ́! Níbo lo ti rí ewùrà?"

"Pòtétò ni mo rin."

"Háà! Ẹni tó fi pòtétò se ìkókorè, ẹ̀kọ ló jẹ." Á rẹ́rìn-ín títí, mo sì máa ń gbọ́ bí Alhaji ṣe ń bá a rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Bí mo bá gbé fóònù sílẹ̀, n ó ṣì dúró sínú àpótí náà títí ẹlòmíràn á fi kan ilẹ̀kùn. Àjò kì í dùn kí onílé má relé, wọ́n ní. Àjò tèmi kò tilẹ̀ dùn rárá, bẹ́ẹ̀ ni n kò lè relé.

Lọ́jọ́ kan, ẹni tó ń gé aṣọ kò wá sí iṣẹ́. Wọ́n ní kí n dìde lọ dúró síbẹ̀. Ọ̀bẹ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé ìdì aṣọ yọ̀ lójijì, ó sì gba ọrùn ọwọ́ ọ̀tún mi kọjá. Gbogbo ohun tí mo rántí ni pé mo ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ta sára aṣọ.

Dókítà ní òun ti rán iṣan náà pọ̀. Mo wo ojú rírán rẹ̀, ó mọ́, iṣẹ́ ọmọ iṣẹ́ kọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tú báńdéèjì, tí wọ́n ní kí n pa ọwọ́ dé, àwọn ìka mi kò mira. Mo pàṣẹ fún wọn, mo bẹ̀ wọ́n, mo fi orúkọ Jésù bẹ̀ wọ́n. Wọ́n kàn nà síbẹ̀ bí ìka ẹlòmíràn. Ìbẹ̀rù tó mú mi lọ́jọ́ náà, n kò ní fẹ́ kó mú ọ̀tá mi. Kí ni aránṣọ tí kò lè mú abẹ́rẹ́? Ta ni èmi, bí wọ́n bá yọ ọwọ́ yìí kúrò lára mi?

Wọ́n fi mí lé obìnrin kan lọ́wọ́ ní ọsibítù, Súsàn ni wọ́n ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti kọ́ ọwọ́ tó ti kú láti tún máa ṣiṣẹ́. Irun rẹ̀ ti ń funfun, ó sì lè bí mi lọ́mọ. Ó fún mi ní bọ́ọ̀lù rọ́bà kan kí n máa fún un nílé, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Mo fún un, kò fún. Mo fún un, kò fún. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan mo sọ ọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, n kò sì wá a mọ́.

Nígbà tí Súsàn rí i pé ọ̀tún kò dáhùn, ó ní ká bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ òsì láti gba iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Ó to ègé igi wẹ́wẹ́ síwájú mi, ó jókòó sí òdì kejì tábìlì, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́.

"Fi òsì mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan," ó ní, "kí o máa gbé wọn fún mi."

Mo wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Mo wo irun funfun rẹ̀. Mo gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan.

"Ṣé o gbọ́ mi? Gbé e fún mi."

Ó tún un sọ díẹ̀díẹ̀, ó ń pariwo bí ẹni ń bá adití sọ̀rọ̀. N kò dáhùn. Bí mo bá ní kí n dáhùn, ẹkún ni ì bá jáde. Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ nígbà tí mo tún wá, àti nígbà tí mo wá lẹ́yìn ìyẹn. Mo wá gbọ́ tí dókítà ń bá a sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn pé obìnrin yìí kò fẹ́ ìrànlọ́wọ́, bóyá ọpọlọ rẹ̀ ni kò gbé e, kí wọ́n fi àyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Nígbà tí Súsàn wọlé pa dà, ọ̀rọ̀ ti kún mi dẹ́nu. "Màdáámù," mo ní, "ẹ dàgbà jù mí lọ. N kò lè fi òsì gbé nǹkan fún yín. Bí mo bá ṣe é, ìyá mi á mọ̀."

"Ìyá rẹ dà?"

"Ó wà nílé."

Mo sọ ti ṣọ́ọ̀kì fún un, mo sọ ti ife omi. Ó wá bi mí pé, "Kí ló dé tí o kò ti sọ ọ́?"

"Ẹ kò bi mí."

Mo rò pé yóò fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ṣa àwọn ègé igi rẹ̀, ó kó wọn sínú dúrọ́ọ̀, ó sì ti dúrọ́ọ̀ náà pa.

Nígbà tí mo tún pa dà wá, ó ti gbé tẹlifíṣọ̀n kan sórí tábìlì, ó sì so àpótí kékeré kan mọ́ ọn. Ó ní ọmọ òun ọkùnrin tó ti dàgbà ló ni ín. Wọ́n ń pè é ní géèmù. Bọ́ọ̀lù funfun kan á máa fò lójú tẹlifíṣọ̀n, ìlà funfun kan wà tí ó máa ń gbá a pa dà, kọ́kọ́rọ́ kan tó rí róbótó sì wà lára àpótí náà tí a fi ń yí ìlà ọ̀hún lọ sókè àti sísàlẹ̀. Súsàn ti fi fóòmù wé kọ́kọ́rọ́ náà títí ó fi tóbi tó ọsàn, kí ọwọ́ tí kò lè dé lè rí i gbá mú.

"Jókòó lé ọwọ́ òsì rẹ," ó ní. "Kò sí òsì nínú eré yìí."

Mo jókòó lé e.

Ó ní nígbà tí ọmọ òun wà ní kékeré, bó ti wù kí òun lù ú tó, kì í ṣe iṣẹ́ ilé ìwé, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù yìí á fi ojú rẹ̀ gbolẹ̀ láti ọ̀sán di alẹ́, kò sì ní dìde. Òun wá jókòó rò ó. Àpótí yìí máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó rọrùn. Kì í le ju agbára ẹni lọ, àfi díẹ̀ báyìí. Bí o bá gbá a, ó dún lójú ẹsẹ̀. Bí o bá tàsé, kì í bá ọ wí, bọ́ọ̀lù mìíràn ló ń jù sí ọ. "Bọ́ọ̀lù rọ́bà tí mo fún ọ," ó ní, "bí o fún un, bí o kò fún un, ojú kan náà ló fi ń wò ọ́. Ẹ̀bi mi ni."

Èmi kò gbà á gbọ́. Lójú tèmi, wọ́n ti gbé ohun ìṣeré ọmọdé fún àgbàlagbà tó ń kú lọ. Ṣùgbọ́n mo yí i. Ìka kò dé, àtẹ́lẹwọ́ ni mo fi ń tì í. Ìlà náà gùn, bọ́ọ̀lù náà ń rọra bọ̀, mo sì gbá a. Ó dún, "pó." Ẹ̀yin èèyàn mi, n kò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ yé yín. Láti ìgbà tí ọ̀bẹ ti gé mi, ohun kan ṣoṣo nìyẹn tí ọwọ́ yìí ṣe tí ayé dáhùn.

Bàbá kan wà tí wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀, ará Jàmáíkà, Básìlì ni orúkọ rẹ̀. Ó ti wa bọ́ọ̀sì títí àrùn fi gba ẹ̀gbẹ́ kan lára rẹ̀. Súsàn gbé e sí ìdí kọ́kọ́rọ́ kejì kó máa bá mi ta, nítorí ó ní eré kì í pẹ́ sú ẹni tó bá ń dá a ta. Básìlì mọ bí a ṣe ń fi ènìyàn ṣe yẹ̀yẹ́. Bí bọ́ọ̀lù bá kọjá mi, á ní, "Ọmọ Áfíríkà, ṣé o sùn ni?"

"Bàbá, mò ń ṣàánú yín ni."

"Má ṣàánú mi. Gbá a!"

Mo gbọ́ ẹ̀rín ara mi nínú yàrá náà, ó sì yà mí lẹ́nu. Bí bọ́ọ̀lù bá tún bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ tí mo fajú ro, á mi orí, á ní, "Òmíràn ń bọ̀, ọmọ. Òmíràn ń bọ̀." Kò mọ̀ pé báyìí ni àwọn àgbà wa náà ṣe máa ń tu ẹni nínú.

N kò mọ̀ pé Súsàn ń ṣí fóòmù náà kúrò. Bí ọwọ́ mi bá ti mọ́ ọn, á bó ìpele kan dànù, kò ní sọ fún mi. Nígbà mìíràn á jẹ́ kí bọ́ọ̀lù náà yára sí i, nígbà mìíràn á gé ìlà náà kúrú, kì í ṣe méjèèjì pọ̀ láé. Lọ́jọ́ kan mo ń bá Básìlì jà lórí bọ́ọ̀lù kan, mo ṣèèṣì wo ọwọ́ mi. Kọ́kọ́rọ́ náà wà níhòòhò, kò tóbi ju ọmọrí ìgò lọ. Àtàǹpàkò mi àti ìka ìfábẹ̀lá ló dì í mú. Mo ké, bọ́ọ̀lù kọjá, Básìlì sì jẹ mí.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e ni mo fẹ́ sọ fún ìyá mi. N kò tí ì sọ ti ọ̀bẹ fún un rí. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dùn. Káyọ̀dé, àbúrò mi, ló gbé fóònù náà.

"Sìsí mi," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ mọ́kàn le."

Mo ti mọ̀. Ta ló ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí kò ní í sunkún?

"Mọ́mì ti lọ sinmi láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Àìsàn náà kò pẹ́ rárá. Wọ́n ti gbé wọn sí mọ́ṣúárì, ẹbí sì ti ní a ó dúró dè yín títí di ìparí oṣù tó ń bọ̀." Ohùn rẹ̀ já. "Sìsí mi, wọ́n fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Wọ́n ní ọwọ́ ọ̀tún àkọ́bí àwọn ni kó kọ́kọ́ da erùpẹ̀ sí àwọn lára. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má ṣíwájú yín."

Mo wo ọwọ́ náà. Ó lè yí kọ́kọ́rọ́. Kò lè bu iyọ̀. N kò sọ ti ọ̀bẹ fún òun náà. Mo ní, "Mò ń bọ̀."

Mo sọ fún Súsàn pé mo fẹ́ bu yanrìn. Kò béèrè ìdí títí mo fi sunkún tán. Lẹ́yìn náà ó da yanrìn sínú abọ́ fífẹ̀, ó ri bọ́tìnnì aṣọ mọ́ inú rẹ̀, àwọn ńlá lákọ̀ọ́kọ́, kí n máa fi ìka wá wọn jáde. Nígbà tí mo rí àwọn ńlá, ó ri àwọn kéékèèké. Géèmù náà ló tún gbé kalẹ̀, tẹlifíṣọ̀n nìkan ni kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n yanrìn bíbù ju wíwá bọ́tìnnì lọ. Bí mo bá bù ú, tí mo gbé e sókè, á máa ṣàn jáde láàárín ìka mi, abọ́ ni gbogbo rẹ̀ ń pa dà sí.

Oṣù ń sáré. N kò ní sùúrù mọ́. Mo da ìrẹsì sínú bàsíà nílé, mo ń bù ú láti ìgbà tí mo bá jí títí ọwọ́ á fi máa gbọ̀n. Ọwọ́ náà wú. Ó wú débi pé awọ rẹ̀ ń dán, ìka kankan kò sì dé mọ́. Súsàn bínú, ó dì í, ó ní n kò gbọdọ̀ fi kan nǹkan kan. Ohun tí mo fi ọ̀pọ̀ oṣù kó jọ, mo ti fi ọwọ́ ara mi tú u ká.

Mo jókòó sínú yàrá mi, mo bínú sí ìyá mi. Bẹ́ẹ̀ ni, mo bínú sí òkú. Kí ló dé tó jẹ́ ọwọ́ ni ó béèrè? Ní London, ọwọ́ òsì mi nìkan ni wọ́n fẹ́. Nílé, ọwọ́ ọ̀tún mi ni wọ́n ń dúró dè. Èmi tí mo wà láàárín ọwọ́ méjèèjì, ta ló ń retí mi? Mo rò ó pé kí n má relé mọ́, kí n jẹ́ kí wọ́n pè mí ní ọmọ burúkú. Mo rò ó ju bẹ́ẹ̀ lọ pẹ̀lú, n kò ní kọ ọ́ síhìn-ín.

Nígbà tí mo lọ dágbére, wíwú ọwọ́ náà ti lọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kò tí ì pa dà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Súsàn dì mọ́ mi. Básìlì kò dìde, kò lè dìde. Ó ní, "Ọmọ Áfíríkà, rántí o. Òmíràn ń bọ̀."

Nílé, ọwọ́ méjèèjì ni mo fi ń gba nǹkan, wọ́n sì rò pé ọ̀wọ̀ ni. Wọ́n ń yìn mí pé òyìnbó kò yí mi pa dà.

Itẹ́ òkú ìjọ kún lọ́jọ́ náà. Àlùfáà ka ìwé, ó ní erùpẹ̀ fún erùpẹ̀, Káyọ̀dé sì gbé àwo yanrìn síwájú mi. Gbogbo ẹbí dúró. Mo na ọwọ́ ọ̀tún. Mo bù ú, mo dì í bí agbára mi ti mọ, mo gbé e lọ sókè ibojì. Kí n tó débẹ̀, ó ti ṣàn tán. Mo ṣí ọwọ́, òfìfo ló wà níbẹ̀. Ojú àpá tó wà lọ́rùn ọwọ́ mi hàn sí gbogbo ènìyàn.

Káyọ̀dé rí i. "Sìsí mi," ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "kí ló ṣe yín?"

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó hun súwẹ́tà fún mi sún mọ́ mi létí. Omijé ti bo ojú rẹ̀. "Fi òsì bù ú, ọmọ mi. Fi òsì bù ú. Á forí jì ọ́."

Mo mi orí. Ibojì náà jìn, pósí náà sì wà nísàlẹ̀, kò sọ nǹkan kan, kò bá mi wí. Mo ki ọwọ́ òsì sẹ́yìn, mo sì tún ki ọ̀tún bọ inú àwo. Mo bù ú, ó ṣàn. Ẹnìkan kùn lẹ́yìn. Àlùfáà dúró. Mo tún bù ú. Lọ́tẹ̀ yìí n kò sáré. Mo pa àtàǹpàkò dé lákọ̀ọ́kọ́, mo pa ìka tó tẹ̀ lé e dé, mo jẹ́ kí èyí tó fẹ́ dà máa dà, mo gbé ìyókù lọ.

Kò tó ṣíbí kan. Ó balẹ̀ lórí pákó, mo sì gbọ́ ọ nígbà tó dún.

Ọwọ́ wo nìyẹn?

"Ọ̀tún ni, mà," mo dáhùn sókè, kí gbogbo wọn gbọ́. "Ọ̀tún ni."